Ẹ̀rọ Tí Dominique Sá Sóòrùn

Bí ẹ bá dé Agbonou tí ẹ bèèrè Dominique tó ń tún rédíò ṣe, wọ́n á ní, "Bàbá Elvis tó ń sá gbogbo nǹkan sóòrùn yẹn?" Òun náà ni. Rédíò tómi wọ̀, fóònù tó bọ́ sínú ọbẹ̀, yóò fi ọtí líle fọ inú rẹ̀, yóò sì tẹ́ ẹ sórí páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́, kí n má purọ́.

Àwọn obìnrin tó ń sin ẹtù lábúlé wa ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ń sàba lé ẹyin. Opó kan, Àyọ̀kẹ́, ló ń mójú tó o. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń jẹun. Nígbà tí òjò jò sórí ẹ̀rọ náà, Dominique tú inú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sá a títí ó fi gbẹ táútáú, ó sì dá a padà.

Àtìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń gbàgbé. Lọ́sàn-án, ooru rẹ̀ á dédé lọ sílẹ̀, ẹyin á tutù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Àárọ̀ kùtù ni Dominique sì máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí oníbàárà tó pọ̀, kò sì rí àléébù kankan. Ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó dìde nípàdé, ó ní, "Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ọwọ́ ènìyàn ló ń yí ooru rẹ̀ sílẹ̀."

Ọwọ́ ta ni? Àyọ̀kẹ́ nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Ó kúnlẹ̀, ó búra, ó sunkún. Bérénice, alága wọn, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ni opó bá kó lọ sí Glei, ó ń sun iṣu tà létí títì.

Ẹyin kò yéé bàjẹ́. Ìtìjú ló gbé Dominique wá lọ́sàn-án gangan. Ó yọ ẹ̀yà kékeré tó ń bá ẹ̀rọ náà rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ̀ǹpútà ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ohun tó kà kò bára mu. Ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i, ó tún burú sí i. Ìgbà yẹn ló wá wo ojú gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ìhòòhò ni. Irú ẹ̀yà àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ ìwé dúdú bò ó lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ìwé náà kúrò nígbà tó ń fọ̀ ọ́. Oòrùn kò sì pa á rẹ́ tán, ó kàn jẹ́ kó máa ṣiyèméjì nígbàkigbà tí ooru ọ̀sán bá mú un.

Gilbert, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Notsé, ní irú ẹ̀rọ yìí. Dominique lọ da ohun tó wà nínú ti Gilbert kọ sínú ẹ̀yà mìíràn, ó fi ìwé dúdú bo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì fi í sínú ẹ̀rọ àwọn obìnrin náà. Ẹ̀rọ kò gbàgbé mọ́. Àwọn obìnrin yọ̀, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tí Àyọ̀kẹ́ bà jẹ́ kó tó lọ ni Bàbá Elvis bá wa tún ṣe!" Wọ́n fún Dominique ní ẹtù kan, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń bí mi nínú.

Ẹtù náà kò ṣeé jẹ fún un. Ó gbé e lọ sí Glei, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú iná iṣu, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Àyọ̀kẹ́ kò gba ẹtù. Ó ní, "Bàbá Elvis, àárín àwùjọ lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́, kọ̀rọ̀ lẹ wá ti ń bẹ̀ mí?"

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, Dominique mú Àyọ̀kẹ́ wá. Ó dìde, ó gbé ẹ̀yà tó bàjẹ́ náà sókè, ó ròyìn ìwé dúdú, ó ròyìn ìmọ́lẹ̀, ó ní òun ni, kì í ṣe Àyọ̀kẹ́. Bérénice ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Àánú ń ṣe yín jù, Bàbá Elvis. Opó ni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ purọ́ mọ́ ara yín. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ìmọ́lẹ̀ ń mú ẹ̀rọ gbàgbé?"

Àwọn yòókù ń mi orí. Dominique fi Màríà Mímọ́ búra, ó tún un ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, òógùn bò ó. Lọ́jọ́ tó fẹ̀sùn kan obìnrin yìí, kò sẹ́ni tó ní kó ṣàlàyé. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí Àyọ̀kẹ́ ti wà níta, tó ń dá ọlọ́kadà tó ń lọ sí Glei dúró.