Kòtò Omi Màmá Fortunata

Èdè Kẹ́ṣúà, èdè abínibí wa, nìkan ni ìyá àgbà mi, Fortunata, fi lo àádọ́rin ọdún kó tó ní kí n kọ́ òun ní èdè Sípéènì. Ti omi nìkan ló fẹ́: agua, ìyẹn omi; río, ìyẹn odò; acequia, ìyẹn kòtò tí omi ń gbà wọ oko ọ̀dùnkún wa. Ó ní òun ò ní tẹ̀ka sí ìwé tí kò yé òun mọ́.

Ọjọ́ tí abúlé ń kó ẹrẹ̀ kòtò náà ni ọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ omi dé, tó ń ka ìwé kan sí wa létí ní èdè Sípéènì. Màmá dá a dúró.

"Acequia tó o dárúkọ yẹn ńkọ́?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin náà, ó sì dáhùn:

"Ó ti di ti iléeṣẹ́ wa. Ìyá, ọ̀rọ̀ Sípéènì mélòó lẹ tiẹ̀ gbọ́?"

"Mẹ́ta. Ìwọ ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti kó ẹrẹ̀ ibẹ̀ rí?"

Màmá na ṣọ́bìrì sí i.

"Ẹni tí kò kó ẹrẹ̀ kì í pín omi níbí. Bọ́ bàtà ẹ."