Bébà Mẹ́ta Lórí Gíláàsì

Kò sí ẹni tí kò mọ Lásúnkànmí Ṣóbọ̀wálé ní Makun, ní ìlú Ṣàgámù. Iṣẹ́ ojú ọjọ́ ló ń ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, wọn kì í sì í dá ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú ní àdúgbò wọn láì kọ́kọ́ bi í bóyá òjò yóò rọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Òjò. Yóò fajú ro bí ẹni pé orúkọ náà ń bí i nínú, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ó ń dùn mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ kan wà ní ọ́fíìsì wọn tó ń gba àwòrán láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì tí wọ́n jù sókè réré kó lè máa wo ayé. Bó ṣe ń gbà á ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà: ìkùukùu á funfun, ilẹ̀ á dúdú. Ẹ̀rọ kejì ni rédà tó ń wá òjò kiri inú òfuurufú. Ibi tó bá ti rí òjò, ẹni tó jókòó tì í á fi pẹ́ńsù yà á sórí bébà fẹ́lẹ́ kan tí a lè rí òdìkejì rẹ̀. Orí bébà kẹta ni wọ́n ń fa ọ̀nà ìjì sí: ibi tó ti wá, ibi tó wà báyìí, ibi tó dojú kọ. Iṣẹ́ Lásúnkànmí ni láti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn lórí gíláàsì kan tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, kí Èkó inú èyí bọ́ sórí Èkó inú tọ̀hún. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu kò ni wọ́n tó máa ń sọ̀rọ̀ síta. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ pé, "Bébà kan kì í jẹ́rìí."

Olùkọ́ náà ló wá ṣe ohun tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe. Oṣù kẹta ọdún 1984 ni. Òrùlé ilé ìyá rẹ̀ ti jẹrà, ikán ti jẹ igi tó gbé e dúró, páànù sì ti dípẹtà. Lásúnkànmí ti ra páànù tuntun sílẹ̀. Olúdọ̀tun káfíńtà ní òun ó ṣí gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, òun ó sì bo ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá rẹ̀, Àbẹ̀bí, lẹ̀rù ń bà. Ikọ́ ti ń bá a jà láti ìgbà ọyẹ́, òjò àkọ́rọ̀ sì lè dé nígbàkígbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́, Lásúnkànmí gúnlẹ̀ sí Makun pẹ̀lú àwòrán sátẹ́láìtì ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú gbogbo ará ilé. Ó dúdú mínímíní láti Èkó títí dé òkè àwọn ará Kamẹrúùnù.

"Ìyá mi, ẹ wò ó. Ìkùukùu kan ṣoṣo ò sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i."

Wúlẹ̀mọ̀tù, oníṣòwò obì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, bú sẹ́rìn-ín. "Lásún, o wá ká ojú ọ̀run sápò báyìí?"

Ìyá dá a lóhùn kí ọmọ tó lanu. "Ọmọ mi ló sọ ọ́, ó ti parí nìyẹn." Ó gba bébà náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Inú Lásúnkànmí dùn dé àtàrí. Ó padà sí Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ náà torí pé òun ni iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ kejì.

Láàárọ̀ Sátidé, ó ń súfèé bó ṣe tẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì tuntun sórí gíláàsì. Súfèé náà gé lẹ́nu rẹ̀. Ohun funfun kan wà níbẹ̀ tó gbòòrò, tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ó gbé bébà rédà lé e: òjò wà ní etí funfun náà gẹ́lẹ́. Ó gbé ẹ̀kẹta lé e, ó fi ìka tọ ọ̀nà ìjì náà. Oǹdó. Ìjẹ̀bú Òde. Ṣàgámù. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀. Nígbà tí sátẹ́láìtì ya àwòrán tó gbé lọ sílé, wọn ò tí ì bí ìjì yìí sáyé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló dìde lórí òkè Jọ́ọ̀sì, ó sì fi gbogbo òru rìn bọ̀.

"Ọ̀gá, òrùlé ìyá mi!" ló ké mọ́ Ọ̀gá Afọláyan, olórí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Wọ́n pe tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ Ṣàgámù. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni Lásúnkànmí kò lè kúrò nídìí iṣẹ́, torí ọkọ̀ òfuurufú wà lókè tí wọ́n gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún. Ó jókòó, ó ń kọ ìkìlọ̀ fún ọmọ ẹlòmíì, ìyá tirẹ̀ sì wà lábẹ́ ọ̀run gbalasa. Nígbà tí ọ̀gá jàjà yọ̀ǹda rẹ̀, ó kó sínú píjò tó ń lọ Ṣàgámù. Ìlà oòrùn ni ìjì ti ń bọ̀, ìlà oòrùn lòun náà ń lọ. Ó ń sáré lọ pàdé rẹ̀ ni.

Mówé ni wọ́n ti pàdé. Ojú ọ̀run dúdú, afẹ́fẹ́ gbá ọkọ̀ náà títí dírẹ́bà fi yà sẹ́bàá ọ̀nà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù orí wọn. Àwọn èrò yòókù ń pe Ọlọ́run. Lásúnkànmí káwọ́ lérí. Bí ìjì bá ti dé Mówé, a jẹ́ pé ó ti jà ní Ṣàgámù kọjá.

Nígbà tó dé Makun, ògiri ló kù. Páànù tuntun kan ti wé mọ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àwọn yòókù fọ́n ká ojú títì. Olúdọ̀tun dúró sábẹ́ ìgànná, omi ń ro lára rẹ̀.

"Ìyá mi dà?"

Káfíńtà náà nàka sí ilé Wúlẹ̀mọ̀tù. Lásúnkànmí ti ń sáré lọ síbẹ̀ nígbà tí obìnrin náà yọjú, tó fà á lápá wọlé. Ìyá rẹ̀ ló wà lórí ẹní níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ dì í, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Bi í o! Bi í dáadáa!" ni Wúlẹ̀mọ̀tù ń pariwo, omijé lójú rẹ̀. "Gbogbo wa sá. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ nínú òjò. Káfíńtà ló wá gbé e tipátipá!"

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò jáde?"

Ìyá wúkọ́ títí kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Gbogbo àdúgbò ló ń wò mí, Lásún. Bí mo bá sá, wọn ó ní èmi tí mo bí ọ gan-an ò gbà ọ́ gbọ́. Mo ní kí n dúró díẹ̀ sí i, bóyá yóò dá."

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó yọ bébà kan tó ti ká wínníwínní. Àwòrán ọjọ́ Jímọ́ ni. Ó ti ṣí i kúrò lára ògiri, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì dì í mọ́ àyà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òjò ń lù ú.

"Nǹkan ìjọba ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ bá ọ wí. Wò ó, ṣé kò bàjẹ́?"

Lásúnkànmí tú u. Ó gbẹ. Ó dúdú mínímíní bó ṣe wà, kò sí ìkùukùu kan ṣoṣo. Ó dojú bolẹ̀ níwájú ẹní náà, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ọlọ́run ṣàánú, ìyá náà lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé ìwòsàn, ó yè é. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi Lásúnkànmí ní Makun bóyá òjò yóò rọ̀, á ní òun ò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá ọjọ́ ìnáwó, á nàka sí i níwájú èrò pé, "Ẹ bi ọmọ mi. Òun ló mọ̀ ọ́n."