Mo Lọ sí Yàbá Nítorí Ìka Ìyá Délé

Agogo mẹ́rin ìdájí ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn mi pa. Kò sí ẹni tí mo máa dágbére fún nínú ilé. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, bí mo bá ní "ó dàbọ̀," ògiri ló ń gbọ́. Àmọ́ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, mo bá Ìyá Délé aládùúgbò mi tó jókòó sórí àpótí, ó di ẹ̀kọ mẹ́rin àti àkàrà sínú ọ̀rá fún mi.

"Bàbá Olùkọ́, ẹ fi èyí panu lọ́nà. Ẹ bá mi sọ fún wọn o. Ẹ sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe iwin."

Ẹ̀yin ará ilé mọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní ìdálẹ̀. Láti ìgbà ọmọge ni Ìyá Délé ti ń ṣe gàrí. Omi ẹ̀gẹ́ àti agbada gbígbóná ti nu gbogbo ìlà ìka rẹ̀ nù, ẹ̀rọ báńkì kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ohun tí Délé bá fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, àkáǹtì ẹlòmíràn ló ń gbà wọlé, ìyá a sì máa tọrọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Báńkì àgbà ti ìjọba ní àwọn ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní kọmitíì. Àwọn ló máa ń yẹ òfin wò kó tó kan gbogbo báńkì. Nínú òfin kan tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́, ìpínrọ̀ kẹrin ní kí baálẹ̀ àti aládùúgbò kan jẹ́rìí sí ẹni tí ẹ̀rọ kò bá mọ ìka rẹ̀. Nítorí pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, wọ́n ní kí n wá bá wọn jókòó ní Yàbá, kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lábúlé.

Ẹgbẹ̀rún méje náírà ni mo san láti Iléṣà dé Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Ifẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ihò bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ọmọ lẹ ń lọ kí l'Ékòó?" awakọ̀ bi mí.

"Rárá o. Òfin la fẹ́ lọ ṣe."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣòfin fún ihò yìí náà. Ó ti gba táyà méjì lọ́wọ́ mi!"

Ní Mọ́níyà mo wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹgbẹ̀ta náírà. Òtútù inú rẹ̀ dà bí ti ọyẹ́. Mo kí obìnrin tó jókòó tì mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi wáyà sétí. Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn méjì kò lè bára wọn wọkọ̀ láti Iléṣà dé Òṣú kí wọ́n má mọ agbo ilé ara wọn. Mo fi ẹ̀kọ lọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé sà," kò sì gbà á. Mo dá a jẹ títí a fi dé Èbúté Mẹ́tta.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi mí sí kò jìnnà. Ní ìrọ̀lẹ́ mo ra ohun tí wọ́n ń pè ní ṣawámà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wé ẹran, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Bí mo ṣe dúró lójú fèrèsé, mo rí èéfín tó ń ti ìhà Ìwáyà bọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja létí ọ̀sà. Mo bi ara mi pé ìlà ìka tiwọn ńkọ́? Kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́. Ilẹ̀kùn bí ogún ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì náà, kò sì sí èyí tó ṣí.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́jọ la jókòó yí tábìlì kan ká. Alága jẹ́ obìnrin ẹgbẹ́ àbígbẹ̀yìn mi, Dókítà Fọlákẹ́, ọlọ́yàyà ènìyàn. Wọ́n dé orí ìpínrọ̀ kẹrin. Lọ́yà kan ní baálẹ̀ lè jẹ́rìí èké. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ á túbọ̀ máa dára sí i. Ọ̀rọ̀ ń yí ká, mo sì dákẹ́. Nílé wa, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, àgbà á gbọ́ ti gbogbo wọn tán, wọn á wá kọjú sí i. Mo ń dúró de ìgbà tí wọ́n á kọjú sí mi.

Alága wò yíká. "Ṣé ó tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀?"

Mo mi orí sókè sísàlẹ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé mo ti gbọ́, ó wá kàn mí.

"Ó dáa, a ti yọ ìpínrọ̀ kẹrin kúrò. Ẹ jẹ́ ká lọ mu tíì."

Kí n tó wúkọ́ kí ohùn mi là, àga ti ń dún, wọ́n ti dìde. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, mi ò tíì sọ̀rọ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Bàbá! Nítorí ìpínrọ̀ yẹn la ṣe pè yín. Mo wò yín, ẹ mi orí."

"Mo mi orí pé mo gbọ́ ni."

"Níbí, sà, ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà nìyẹn. Mi ò lè dá a padà lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí oṣù yìí tó parí. A óò kà á kí á tó jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mi ò kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kó lọ sí Yàbá ni mo kó bọ̀, mo ń sọ wọ́n sínú láti Èbúté Mẹ́tta dé Mọ́níyà, láìsí ẹni tó ń gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Ìyá Délé kò jẹ́ kí n jókòó.

"Wọ́n gbà?"

"Wọn ò gbà. Èmi gan-an ni mi ò sọ̀rọ̀." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú títí òkú á fi fẹ́ dá yín lóhùn?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n ní àwọn á gba ìwé, àbí? Ẹ kọ ọ́. Ẹ wá tàdáwà fún mi, màá tẹ̀ka sí i."

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ibi tí wọn kò bá ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àgbà, kí àgbà má dúró de ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Mo kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ kejì. Ìyá Délé kó àwọn ẹlẹ́gàrí wá, mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n sì tẹ̀ka lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìwé. Kiribiti dúdú mọ́kànlá, gbogbo wọn dán bí èkùrọ́ tí wọ́n fọ̀ mọ́. Èmi náà ti ọwọ́ tí mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú fún ọdún márùndínlógójì bọ tàdáwà, mo tẹ tèmi kẹ́yìn. Mo gbé ìwé náà sójú ìmọ́lẹ̀. Nínú gbogbo wa, tèmi nìkan ló ní ìlà.