Ẹ̀rọ Ìwúkàrà àti Ọmọ Tí Kì Í Sunkún

Bí ẹ bá fẹ́ bí Bàbá Fọláhànmí nínú, ẹ sọ fún un pé etí rẹ̀ ti di. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dáhùn ìkíni mi. Àbí kò gbọ́ ìkíni náà ni? Títí di òní, n ò mọ èyí tó jẹ́.

Simon Ọláníyì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, bí èmi náà, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ la ti ń ṣiṣẹ́, ní láàbù kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Igbó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí nípa ìwúkàrà inú ẹmu. Èmi ni mò ń tẹ̀wé. Òun ló ń fọ ìgò, tó sì ń tọ́jú gbogbo ohun tó lè fọ́. Ní ọdún mọ́kàndínlógún, ìgò mẹ́ta péré ló fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì máa ń ròyìn ìṣubú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àlejò.

Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó ṣe etí òun. Àwa èèyàn ayé ìsinsìnyí ni a kì í la ẹnu. Yóò ní, "Jọkẹ́, ẹ kàn ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni." Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Wọ́n ti ní kí ọlọ́dẹ wa máa lọ sílé nítorí ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá mọ̀ pé Bàbá kò gbọ́ràn, ilé ló kàn.

Ọdún 1988 ni. Fọláhànmí ọmọ rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Rúùtù, Bàbá ò sì jẹ́ ká gbádùn. "Ọmọ-ọmọ mi kì í sunkún! Mo gbé e sí èjìká fún odindi wákàtí kan, kò ṣe hẹ́n." A bá a dúpẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹ̀rọ tuntun dé láti òkè òkun. Dókítà Ọlọ́runtóbi, ọ̀gá wa, ki ọ̀pá irin rẹ̀ bọ inú ìgò omi ìwúkàrà. Ó ní ìró ni ẹ̀rọ náà yóò fi fọ́ awọ ìwúkàrà, kí ohun tí a ń wá nínú rẹ̀ lè jáde.

"Ìró báwo, sà?" ni mo bi í.

"Ìró tó ga ju èyí tí etí èèyàn lè gbọ́. Kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ níbí, àfi tí ajá bá wà láàárín wa."

Orí mi dàrú. Ìró tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ìró wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa a máa sọ̀rọ̀ bí oníwàásù, nítorí náà Bàbá gbọ́ tirẹ̀ ketekete, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó bọ́ síwájú. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín di ìgò mú, sà."

Dókítà tan ẹ̀rọ. Yéè! Ariwo tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Dókítà fọwọ́ di etí, èmi náà di tèmi, Nùrẹ́nì awakọ̀ wa sá síta. Bàbá nìkan ló dúró ti ìgò, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà! Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan!"

Dókítà pa ẹ̀rọ. Bàbá wo ọwọ́ wa tó wà létí, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wò wá.

"Kí lẹ di etí sí?"

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pé ìró yẹn gan-an kọ́ la gbọ́, pé ìfófòó inú omi tó ń bẹ́ ló ń han. Kò yé mi. Nígbà tó yá, ó rọra ní, "Bàbá, ẹ wá rí mi lọ́jọ́ Ajé." Èmi ni mo tún un sọ kí Bàbá tó gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, a jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí a rin ìdajì ọ̀nà, Bàbá yíjú sí mi.

"Jọkẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ. Kí wá lẹ gbọ́? Ta ló ń purọ́ nínú yín?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo wojú fèrèsé.

Mo tẹ̀ lé e lọ kí ìyá ọmọ. Láti ojú títì ni mo ti ń gbọ́ igbe Rúùtù. Fọláhànmí jáde, oorun kún ojú rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ bá mi gbà á, ó ti ń ké láti àárọ̀."

Bàbá gbà á. Kò gbé e sí èjìká bó ti máa ń ṣe. Ó gbé e síwájú ara rẹ̀, ó wo ẹnu tó là gbàgà àti omijé tó ń ṣàn. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ọmọ náà.

"Ó ń gbọ̀n," ló wí, "bíi ti ìgò yẹn. Fọláhànmí, ṣé bó ti máa ń ṣe nìyí?"

Fọláhànmí wò mí, ó wá gbóhùn sókè. "Láti ọjọ́ tí a ti bí i ni, Bàbá. A rò pé ẹ ń ṣe àwàdà ni."

Bàbá jókòó, ó di ojú, kò gbé ọwọ́ kúrò. "Jọkẹ́, lọ́jọ́ Ajé, bá mi wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá. Sún mọ́ mi dáadáa, kí o máa tún un sọ fún mi."

Mo ní mo gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, mo bá fọwọ́ kàn án léjìká.

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyà Rúùtù. "Ó ti dákẹ́," ló wí, òótọ́ sì ni.