Lẹ́tà Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lára Ògiri Bàámi

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ilé títà. Fídíò ni mo ń wò lórí fóònù, mo sì fi ilé àwọn ọ̀rẹ́ mi n'Íbàdàn dánra wò títí ó fi mọ́ mi lára. Mo mọ̀ pé déédéé àyà lèèyàn ń gbé fóònù sí, kì í ṣe déédéé ojú. Mo mọ̀ pé gbogbo iná ni wọ́n ń tàn, kódà lọ́sàn-án gangan, àti pé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kankan ò gbọdọ̀ wà lára ògiri. Nítorí náà, nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹnu kò pé a máa ta ilé Bàámi ní Ìkọ̀lé, kí wọ́n lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ l'Ádó, èmi ni mo ní n ó tún ilé ṣe fún fọ́tò. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàámi. Màmá wa ti kú, ojú Bàámi sì ti fọ́ pátápátá, àwọn nìkan ló ń gbé inú ilé náà. Nígbà tí a sọ èrò wa fún wọn, wọn ò bá wa jà.

"Ẹ̀yin lẹ ríran," ni wọ́n wí. "Ohun tí ẹ bá rí, ẹ ṣe é."

Ìṣòro kan ṣoṣo ni ilé náà ní. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnì kan fẹ́ fi jìbìtì ta á fún àlejò. Bàámi ra ọ̀dà pupa olóròóró, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ọ̀dà tẹ̀ lé e, débi pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yọ síta bí okùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ta ló máa wá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò ilé tí wọ́n ní àwọn ń tà?

Akunlé tí kò mọṣẹ́ á kàn fi ọ̀dà olómi bò ó. Láàárín oṣù méjì, pupa yẹn á tún yọjú. Èmi há a ni. Mo fi irin pẹlẹbẹ há gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi sáńpépà nù ún, mo fi sìmẹ́ńtì funfun dí ibi tó jìn, mo tún fi sáńpépà nù ún kí n tó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Torí pé òórùn ọ̀dà ń mú kí Bàámi wúkọ́, mo ní kí wọ́n máa sinmi ní yàrá ẹ̀yìn.

Ìyá àgbà tó ń gbé oúnjẹ fún wọn láti ilé kejì dúró wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé fún bàbá ni, tí ẹ ń kun ulé báyìí?"

"Ìyàwó kẹ̀, Mà? Fọ́tò la fẹ́ fi ta ilé."

"Ulé tí ẹni tó kọ́ ọ ṣì ń sùn nínú ẹ̀?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn ò rín in tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bu omi wọ́n iwájú ilé kí eruku lè rọlẹ̀. Ìlà oòrùn ni ilé náà kọjú sí. Ìmọ́lẹ̀ tó dára kì í pẹ́ ju wákàtí kan lọ lára ògiri yẹn. Mo ti gbé fóònù dúró nígbà tí Bàámi jáde pẹ̀lú fìlà wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì kan ògiri, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ wọn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀.

"Bàámi, kí lẹ ń wá?"

"Ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí mo bá ti kan À tó kẹ́yìn, àga mi ló kù. Bí mo bá kọjá ibẹ̀, àtẹ̀gùn ni."

Mo ti rò látijọ́ pé ògiri lásán ni wọ́n ń dì mú.

"Ta ló há a?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri náà pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n máa ń yẹ ìwé ọmọ iléèwé wò. "O ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò ṣẹ́kù rárá."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, sà. Mo lè ra ọ̀dà pupa lónìí yìí."

"Kí lo fẹ́ kọ?"

"Ọ̀rọ̀ yín, sà."

"Irọ́ ni yóò jẹ́ báyìí. N kì í kọ irọ́ sára ògiri mi." Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Oòrùn ńkọ́?"

"Ó ti fẹ́ kúrò lára ilé."

"Mú mi wọlé, kí o yà á."

Mo mú wọn wọlé, mo sì yà á. Ejẹ́ǹtì tó ń bá wa wá ẹni tó máa rà á ní òun ò tíì rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà títí a fi kó wọn lọ, Bàámi ò dá jáde mọ́. Láràárọ̀, wọ́n á wọṣọ, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa retí ẹni tó máa fà wọ́n lọ́wọ́.