Mílíìkì Inú Tíì Yèyé

Òórùn tíì ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọyẹ́ nílé wa ní Òmù-Àrán, kì í ṣe àkùkọ. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, á ti gbé kẹ́tù kaná kí agogo ìjọ tó dún. Tí omi bá hó, á da ewé dúdú náà sí i, á dé e, òórùn rẹ̀ á bá èéfín igi gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá wa lórí ẹní. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ẹ ó mọ òórùn tí mò ń wí.

Bàbá mi kì í fi mílíìkì sí tíì. Dókítà míṣọ́n kan ló sọ fún un nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ pé egbòogi ni tíì, àti pé mílíìkì ń pa agbára rẹ̀. Ó di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di Bíbélì mú. "Ẹni tó bu mílíìkì sí tíì," á ní, "iná ló bu omi pa." Síbẹ̀, agolo mílíìkì ò wọ́n nílé wa o! Àlejò ló wà fún. Wọ́n á fi ìṣó lu ihò méjì sí i lórí, wọ́n á gbé e sínú àwo omi nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí èèrà má bàa gùn ún. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹnu Bàbá mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í kọjá lára agolo kó má gbé e wò bóyá ó fúyẹ́. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé a fẹ́ ba tíì àlejò jẹ́ ni?" Ó fà mí létí títí etí náà fi gbóná. Màmá mi fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé Yèyé, ìyá bàbá mi, wá láti Èsìẹ́. Bàbá mi àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ibà sì dá Yèyé, ìyàwó rẹ̀, dúbúlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Ibà lọ, ṣùgbọ́n Yèyé ò jẹun. Ẹ̀kọ gbígbóná, kò mu ún. Ọbẹ̀ ẹja, ó yí ojú kúrò. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó ní àìsàn ti kúrò lára rẹ̀, kí a ṣáà wá nǹkan tí yóò gbà mu. Ni Bàbá mi bá gbé egbòogi rẹ̀ dé: tíì dúdú, ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa gbé e fún un. Yèyé á tọ́ ọ wò, á tu ú dànù, á kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti tín-ín-rín ju tèmi lọ. Mo fẹ́ràn Yèyé ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹ̀rù sì bà mí pé yóò kú. Ẹ̀rù ń ba Bàbá mi náà, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ṣáá ni pé, "Oògùn tó dára kì í dùn lẹ́nu."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí Bàbá mi ṣe wọ balùwẹ̀ lọ, mo gun àpótí, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo da mílíìkì sínú ife náà títí dúdú rẹ̀ fi pọ́n. Mo fi ṣúgà sí i. Yèyé tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó mu ún kanlẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Tíì ni, Yèyé."

"Irọ́ ni. Ewúro ni tíì bàbá rẹ. Lọ bù sí i wá."

Bàbá mi gba ife òfìfo lọ́wọ́ mi, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Egbòogi ni tíì!" Ó ròyìn rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń da mílíìkì, Yèyé sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ náà mu. Kí agolo má bàa fúyẹ́, mo ń bu omi sí i. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, pásítọ̀ kan yà sílé wa láti Òkè-Ọdẹ, eruku ọ̀nà bò ó. Bàbá mi po tíì fún un, ó da agolo dé ife. Omi lásán ló ń kán tó, tó, tó. Ó gbọn agolo, ó wo inú ihò, ó wá wò mí.

"Dúpẹ́, mílíìkì dà?"

Ojú tì í níwájú àlejò. Mo jẹ́wọ́ tẹkúntẹkún. Pàṣán ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀kùn yàrá tó ṣí, tí Yèyé di ògiri mú, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé.

"Èmi ni mo mu ún. Ẹni tó o máa nà rèé."

"Yèyé, mílíìkì ń ba iṣẹ́ tíì jẹ́ ni."

"Tíì tí kò wọ ọ̀fun, níbo ni yóò ti ṣiṣẹ́?"

Bàbá mi fi pàṣán kọ́ sí àyè rẹ̀. Pásítọ̀ mu tíì olómi rẹ̀ tán. Bàbá mi kò gbà pé òun ṣe àṣìṣe o, ẹ má ṣì mí gbọ́! Ṣùgbọ́n agolo méjì ló rà lọ́jọ́ kejì. Yèyé wà láàyè títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Ganmo ni mo ń gbé. Orí fóònù ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń jà sí ọ̀rọ̀ yìí: àwọn kan ní mílíìkì ń dí ohun tó ń ṣara lóore nínú tíì lọ́wọ́, àwọn kan ní kò ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù wá lọ gan-an ò tíì fẹnu kò. Dúdú ni mò ń mu tèmi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, Bàbá mi wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ikọ́ sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Tíì dúdú ni mò ń gbé fún un, bó ṣe kọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta, kò fẹnu kàn án. Èmi nọ́ọ̀sì wá dúró lórí rẹ̀, mo ń wàásù: "Bàbá, oògùn tó dára kì í dùn lẹ́nu."

Ó ti ife náà sẹ́yìn.

"Dúpẹ́," ó ní, "ọmọ tó ń bu omi sí agolo yẹn dà?"

Mo dìde, mo lọ gbé mílíìkì.