Òwú Tí Ìyá Àgbà Ran

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n ò tíì lè dá pọnmi, ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà ni mo máa ń jókòó sí tó bá ń ran òwú. Sàfúrátù lorúkọ rẹ̀, òun ló bí bàbá wa. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àmọ́ ìrànwú kì í sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Ràímì ló ń fi òwú náà hun aṣọ òfì lábẹ́ àtíbàbà nínú agboolé wa, níbí ní Ìlọrin. Ẹ̀yin ọmọ, nílé wa, ahunṣọ kì í dá òwú tí àgbà bá ran padà. Èèwọ̀ ni.

Màmá Ṣadé tó ń tajà ní Ọ̀fà Garage ló máa ń wá kó aṣọ lọ́wọ́ Ràímì. Ìgbà náà ni ariwo SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, gbòde, apá èèyàn ò ká ọjà mọ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé aṣọ wò, ó pòṣé.

"Ràímì, ṣé aṣọ lèyí àbí ẹrù igi? Èyí tó fúyẹ́, tó dán, tó pọ́ọ́kú làwọn oníbàárà mi ń wá."

"Màmá Ṣadé, èyí ò ní í gbó bọ̀rọ̀ o."

"Ta ló ní kó má gbó? Òwú ẹ̀rọ ni kó o lò, jàre!"

Bí òwú ẹ̀rọ ṣe wọlé nìyẹn. Kàdúná ló kọ́kọ́ ti ń wá. Àwọn oníbàárà tún ní ó wọ́n, ni ti òkè òkun bá gba ipò rẹ̀. Nígbà tó yá, aṣọ tí wọ́n ti rán tán ló ń ti ọ̀hún dé, ó sì pọ́ọ́kú ju òwú lásán lọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú wa. Àwa tá à ń sọ pé "ẹ dín owó rẹ̀ kù" la fẹnu wa rán iṣẹ́ náà jìnnà.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Ìyá Àgbà. Ó ń ran òwú, Ràímì ń gbà á, ó ń dúpẹ́, ó ń kó o pa mọ́ sínú àpótí. Àfi ọjọ́ tí ìyá rìn dé ìdí òfì, tó fọwọ́ pa aṣọ orí rẹ̀.

"Òwú ta lèyí?"

"Tiyín ni, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi ò dán tó báyìí rí, Ràímì, kódà nígbà tí mo wà lọ́mọge."

Láti ọjọ́ náà, kò mú òwú wá mọ́. Ó ń ran án, ó ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó dun Ràímì wọra. Ó lọ dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ fún mi. Mo ní ẹni tó máa fi bora."

Ìyá wò ó títí. Kò bi í pé ta ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún un.

Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá Ìyá Àgbà, Ràímì ṣí àpótí, ó gbé aṣọ funfun kan jáde. Gbogbo òwú ìyá ló ti fi hun ún díẹ̀díẹ̀. Òun ni wọ́n fi wé e. Nígbà tí àáfà gbé aṣọ náà, ó ní, "Sùbúhánàlláhì, aṣọ yìí mà wúwo o."

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Jímọ̀ tó kọjá la sin Ràímì. Àtíbàbà ti wó, òfì ò sí mọ́. Ọmọ rẹ̀ àgbà ló lọ ra aṣọ funfun ní Challenge níbí, ó ní òun ná an dáadáa. Aṣọ náà fúyẹ́, ó ń dán. Mo fọwọ́ pa á kí wọ́n tó wé ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Òwú ta lèyí?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀.